Orí Kẹjọ: Àkọsílẹ̀ Aláìsàn ti Orílẹ̀-èdè àti Ìtọ́jú Àwọn Tó Wà Láàárín Ikú àti Ìyè

Àkọsílẹ̀ aláìsàn ti orílẹ̀-èdè ni àká ìsọfúnni tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn jọ ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn wọn sí lọ́nà kan náà, débi pé ìbéèrè kan náà ni nọ́ọ̀sì ń dáhùn ní Òṣogbo àti ní Sókótó, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ lé e láti ìgbà tó wọlé títí di ìgbà tó lọ sílé tàbí tó kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣì í mú fún rẹ́jísítà orí tábìlì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú irú rẹ́jísítà bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí a nílò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri Nàìjíríà, ìparí oṣù ni wọ́n máa ń ka àwọn tó wà nínú rẹ́jísítà, tí wọ́n á ro wọ́n pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù kan, tí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìsọfúnni ní ìjọba ìbílẹ̀ á sì gbé àròpọ̀ náà sórí DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń kó ìròyìn ìlera jọ. Àròpọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ iye oògùn ibà tó yẹ kí òun rà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá obìnrin tí wọ́n gbé wọlé pẹ̀lú gìrì ní ọjọ́ Àìkú náà ni obìnrin tí wọ́n kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé bí a bá ti ro ènìyàn pọ̀ tán, kò sí ẹni tó tún lè tú wọn ká mọ́.

Ìtọ́jú àkànṣe, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pe yàrá rẹ̀ ní ICU, ni ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, kíndìnrín tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a kò bá fi ẹ̀rọ, oògùn àti ọwọ́ ènìyàn ràn án lọ́wọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, yóò kú. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ti wálẹ̀ ró, àti nọ́ọ̀sì tí aláìsàn kan tàbí méjì péré wà lọ́rùn rẹ̀. Fún ará Èjìgbò, irú yàrá bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ìrìn àjò, ìbá jẹ́ sí Òṣogbo tó tó bí 40 kìlómítà, níbi tí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, tàbí sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó tó bí 30, níbi tí ti fásitì LAUTECH àti ti Fásitì Bowen wà, tàbí kí ó kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Àpò ẹbí ni púpọ̀ nínú owó ìtọ́jú náà ti ń jáde, nítorí náà ìbéèrè bóyá ìtọ́jú náà ṣe iṣẹ́ tí a rán an kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ nìkan.

Kíkà àti ẹ̀rọ

Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ó sì kọlu iṣan tí àwọn aláìsàn kan fi ń mí. Nínú 31 àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 ló kú. Bjørn Ibsen, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, dámọ̀ràn pé kí wọ́n ṣí ojú ọ̀nà èémí sí ọrùn aláìsàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, iye tó ń kú sì já wálẹ̀ gan-an. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni yàrá ìtọ́jú àkànṣe òde òní ti jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìtàn ẹ̀rọ àti ti ọgbọ́n Ibsen ni àwọn ìwé sábà máa ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tó kan orí ìwé yìí ni pé àwọn dókítà náà mọ̀ dájú pé 27 ti kú nínú 31, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye tó ń kú lábẹ́ ìtọ́jú àtijọ́ kò lè mọ ìgbà tí ti tuntun sàn jù ú lọ.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí kíkà ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó di kíkà gbogbo orílẹ̀-èdè. Australia pẹ̀lú New Zealand bẹ̀rẹ̀ ti wọn ní 1992. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n dá àjọ kan tí a mọ̀ sí ICNARC sílẹ̀ ní 1994. Netherlands tẹ̀ lé e ní 1996, Sweden ní 2001. Àwọn dókítà ICU fúnra wọn ló wà nídìí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe pé ìjọba ló dédé pàṣẹ rẹ̀ fún wọn, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ó dúró.

Bí a ṣe ń fi ilé ìwòsàn kan wé èkejì

Bí ilé ìwòsàn kan bá pàdánù 30 nínú 100 aláìsàn, tí èkejì sì pàdánù 15, ẹni tó bá yára sọ pé èkejì ló dára jù ti kù gìrì dá ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ni gbogbo agbègbè ń gbé àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá bẹ́ẹ̀ lọ, tí èkejì kò sì ń gba ju ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n fẹ́ kó sùn mọ́jú lábẹ́ ìṣọ́. Ní 1981, William Knaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Washington gbé òṣùwọ̀n kan tí wọ́n pè ní APACHE jáde láti fi wọn bí àìsàn ṣe le tó, wọ́n sì gé e kúrú ní 1985 sí ohun méjìlá tí a ń wọ̀n lára aláìsàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lára wọn ni ìgbóná ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù, bí aláìsàn ṣe ń mí àti bó ṣe mọ ara rẹ̀ tó. Wọ́n á fi ọjọ́ orí àti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ á di máàkì kan, máàkì náà á sì sọ iye ènìyàn tó ṣeé ṣe kó kú nínú 100 irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ká ní máàkì àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fi hàn pé 40 ló yẹ kó kú, tí ó sì jẹ́ 30 ló kú. A ó pín 30 sí 40, yóò fún wa ní 0.75. Ká ní 10 ló yẹ kó kú ní èkejì, àmọ́ 15 ló kú: ìyẹn jẹ́ 1.5. Iye yìí ni a ó máa pè ní ìpín ikú aláfiwé nínú ìwé yìí. Èyí tó bá wà lábẹ́ 1 fi hàn pé àwọn tó kú kò tó iye tí a retí, èyí tó bá ju 1 lọ sì fi hàn pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nípa bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn tí òkú pọ̀ níbẹ̀ gan-an ló ṣe dáadáa jù nínú àpẹẹrẹ yìí. Bí aláìsàn ilé ìwòsàn kan bá kéré níye, orí ire tàbí orí burúkú nìkan tó láti gbé ìpín náà sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà a kì í fi ọdún kan dá irú wọn lẹ́jọ́.

Ìhò méjì wà nínú ìṣirò yìí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lò ó ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a kò bá wọ̀n, bí ẹni pé kò sí àléébù níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà máa ń kà á. Ilé ìwòsàn tí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́, tí kò rí ìwọ̀n omi ara àti kíndìnrín ṣe, yóò dà bí ẹni pé aláìsàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn, ikú tí a retí á kéré, ìpín rẹ̀ á sì burú ju bó ṣe yẹ lọ. Àìní á wá dà bí àìmọṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi wá òṣùwọ̀n tí kò nílò yàrá àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, irú èyí tí wọ́n pè ní Universal Vital Assessment, tí wọ́n gbé jáde ní 2017 láti inú ìsọfúnni aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, tó jẹ́ pé ohun tí ojú, ọwọ́ àti ẹ̀rọ kéékèèké lè wọ̀n ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹbí gbé lọ sílé. Nígbà tí owó bá tán, tàbí tí àwọn àgbà ẹbí bá pinnu pé kí aláìsàn wọn kú sílé láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n á buwọ́ lùwé, wọ́n á sì gbé e lọ. Bí àyè méjì péré bá wà lórí fọ́ọ̀mù, “ó lọ sílé” àti “ó kú”, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó yè, ilé ìwòsàn tó lé aláìsàn púpọ̀ jù lọ nítorí owó á sì gba oyè fún un. Àyè kẹta, “wọ́n gbé e lọ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i”, ló ń dí ìhò yẹn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ máa ń tú síta

Iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ ń ṣe dáadáa jù kọ́ ni ti fífún ilé ìwòsàn ní máàkì, bí kò ṣe ti fífi ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti orí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ICNARC fi ìwé hàn pé kíkó aláìsàn kúrò ní ICU lóru ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 3 nínú 100 ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí 6 nínú 100 ní ìparí àwọn ọdún 1990, àti pé àwọn tí wọ́n kó jáde lóru ń kú ju àwọn tí wọ́n kó jáde lọ́sàn-án. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó lè fi ojú ara rẹ̀ rí èyí, nítorí pé aláìsàn kan péré ni ó rí tó jáde ní aago méjì òru láti fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì sí lórí iṣẹ́ nígbà tí ẹni náà kú ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Èyí tó kan àwọ̀ dúdú gan-an ni ti 2020. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń há mọ́ ìka aláìsàn láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí a ń pè ní ọ́símítà. Iná tó ń gba inú awọ ara kọjá ló fi ń ṣiṣẹ́. Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Michigan kó ìsọfúnni aláìsàn ilé ìwòsàn wọn jọ pẹ̀lú àká ìsọfúnni ICU ti ilé ìwòsàn 178 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ohun tí ọ́símítà sọ wé ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an sọ. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí ọ́símítà ní kò séwu fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú fi ṣaláìní ọ́síjìn tó ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ yìí ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé kí wọ́n tó fi ogunlọ́gọ̀ aláìsàn wé ara wọn lọ́nà yìí. Nọ́ọ̀sì ní Èjìgbò tí ọ́símítà bá fi 93 hàn lára aláìsàn tó ń mí gúlegúle gbọ́dọ̀ gba èémí tó fojú rí gbọ́ ju nọ́ńbà lọ, àkọsílẹ̀ tí a bá sì ṣe fún ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ní àyè fún iye ìgbà tí aláìsàn ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má gbára lé ọ́símítà nìkan. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ náà ló tú ọ̀rọ̀ kan fó nígbà àrùn Kòrónà: ní oṣù kẹrin 2020, ìròyìn ICNARC fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó wà ní ICU nítorí àrùn náà ni kì í ṣe aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ ìpín wọn nínú ará ìlú kò tó ìdajì ìyẹn. 

Ọdún kan ní ilé ìwòsàn 42

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀, débi pé ìsọfúnni rẹ̀ wà nínú ìwé àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1966. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, iṣẹ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà ni èyí tí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba 42 jọ ṣe láti oṣù kẹfà 2012 sí oṣù kẹjọ 2013, tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan fi ọdún kan kọ ọ̀rọ̀ gbogbo obìnrin tó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ sílẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n fẹsẹ̀ kan tẹ ọ̀run tí wọ́n sì padà. Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀ ló ṣáájú àwọn tó kọ àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 2016.

Àwọn tó kú jẹ́ 998, àwọn tó yọ lọ́wọ́ ikú jẹ́ 1,451, nínú ìbí 91,724 tí ọmọ ti wáyé láàyè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, yóò rí i pé ikú 1,088 ló bọ́ sí orí 100,000 ìbí, àti pé nínú obìnrin mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ wọn le dé ojú ikú, mẹ́rin ni ilé ìwòsàn kò rí gbà là. Gìrì àwọn aláboyún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣáájú rẹ̀, àti ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ló wà níwájú nínú ohun tó fà á. Iye méjèèjì tí a kọ pọ̀ ni ọgbọ́n ibẹ̀: bí ó bá jẹ́ àwọn tó kú nìkan ni wọ́n kà, ilé ìwòsàn tó gba 50 irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó sì gba 40 là á dà bí èyí tó burú ju èyí tó gba márùn-ún tí gbogbo wọ́n sì kú.

Wọ́n tún kọ aago sílẹ̀. Láti ìgbà tí dókítà ti mọ ohun tó ń ṣe obìnrin náà sí ìgbà tí ó rí ìtọ́jú tó lè gbà á là, ìdajì wọn rí i láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn tó dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ, nínú ilé ìwòsàn ńlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti la gbogbo ọ̀nà já. Pípẹ́ dé ilé ìwòsàn ni wọ́n rí jù nínú ohun tó ba ìtọ́jú jẹ́, ó wà nínú ìwọ̀n 35 nínú 100; àìní ètò adójútòfò ìlera tẹ̀ lé e, àìrí ẹ̀jẹ̀ fà sí wọn lára sì jẹ́ nǹkan bí 13 nínú 100. Irú àbájáde yìí ló ń sọ àkọsílẹ̀ di ohun èlò, nítorí pé ọ̀gá ilé ìwòsàn tó bá kà á kò ní sáré lọ ra ẹ̀rọ tuntun kó tó béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ní òru. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, ètò mìíràn tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀ gbé irú kíkà yìí sórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn 54 káàkiri ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè, fún ìyá àti ọmọ tuntun.

Fún àwọn yòókù tó ń ṣàìsàn lílekoko, Sri Lanka ni àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ń wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ ICU tí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù lè máa fi fóònù àti kọ̀ǹpútà lásán kọ. Ètò náà ti tàn dé Índíà, Pakístánì àti Nepal, ó sì ti wọ Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, Etiópíà àti Uganda.

Àwọn tí kò dé ICU

Àṣìṣe tó rọrùn jù láti ṣe ni kí a mú fọ́ọ̀mù Sweden tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a há a mọ́ ẹnu ọ̀nà ICU ní Òṣogbo, kí a sì pe ìyẹn ní àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ wa, ẹnu ọ̀nà yẹn ti pẹ́ jù. Ìwádìí kan lórí àrùn Kòrónà tí ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, jọ ṣe láti oṣù karùn-ún sí oṣù kejìlá 2020 fi hàn pé 6,779 ni dókítà ní kí wọ́n gbé lọ sí ìtọ́jú àkànṣe, 3,752 péré ló ráyè wọlé. Nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn títí, 48 nínú 100 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2025, tó ka gbogbo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn 180 ní orílẹ̀-èdè 22 ní Áfíríkà, rí i pé ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló wà nínú àìsàn lílekoko, pé bí méje nínú mẹ́wàá àwọn wọ̀nyí ló wà ní wọ́ọ̀dù lásán, àti pé nínú àwọn tí èémí wọn ti ń kọṣẹ́, àwọn tó rí ọ́síjìn kò tó ìdajì. Ọ́síjìn, omi tí a fà sí aláìsàn lára, títẹ́ ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ahọ́n má baà dí i lọ́fun: ohun tí wọ́ọ̀dù kékeré lè ṣe nìyí, a kò sì lè sọ pé ó ń ṣe é tàbí pé kò ṣe é bí kò bá sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tí a dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Obìnrin ẹni ọdún 28 kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí àkóràn ẹ̀dọ̀fóró ti dá gúnlẹ̀, dé ilé ìwòsàn alábọ́dé ní aago 8:10 àárọ̀. Nọ́ọ̀sì kà á pé ó ń mí ní ìgbà 36 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́símítà kà 84, kò sì sí ọ́síjìn nínú sílíńdà. Ó kọ lẹ́tà, ẹbí wá owó àti ọkọ̀, wọ́n gbéra ní 10:05. Wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá ní 11:20, wọ́n sì fún un ní ọ́síjìn ní 11:50. Bí a bá ṣí ìwé ilé ìwòsàn alábọ́dé, a ó rí i pé nọ́ọ̀sì ṣe ohun tó yẹ, ó mọ̀ pé ewu wà, ó sì darí aláìsàn síbi tó yẹ. Bí a bá ṣí ti ilé ìwòsàn ńlá, a ó rí ọ́síjìn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tí kò burú. Kò sí ìwé kan nínú méjèèjì tó ní wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú tí obìnrin náà fi wà láìrí ọ́síjìn. Àfi kí ìlà kan ṣoṣo tẹ̀ lé e láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé orí bẹ́ẹ̀dì, kí wákàtí náà tó jáde sí gbangba. Bó bá sì jáde lára aláìsàn ogún, ọ̀rọ̀ sílíńdà kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan á di ohun tí ẹni tó mú owó ìlera lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ kò lè fojú fò dá.

Ta ni yóò wá kọ ọ́? Nọ́ọ̀sì tó dá wà lálẹ́, tí rẹ́jísítà márùn-ún ti wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní fi tayọ̀tayọ̀ gba ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Àkọsílẹ̀ tó bá fẹ́ pẹ́ ní agbègbè bíi Èjìgbò kò gbọdọ̀ béèrè ju ohun mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ lójú ibi tí aláìsàn kọ́kọ́ dé, ó gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ́jísítà kan kúrò dípò kó gun orí wọn, àbájáde rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà láàárín oṣù kan. Ìsọfúnni tó ń gòkè lọ sí Àbújá tí kò padà wá rí ni òṣìṣẹ́ ń fi àròsọ kún. Ní ti àṣírí aláìsàn, òfin ìlera ti 2014 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ti là á kalẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ tú u síta láìjẹ́ pé òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jáde nínú àkọsílẹ̀ fún ìfiwéra gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, kì í ṣe orúkọ.

Orúkọ, ọjọ́ orí àti ọ̀nà Àbíjàn

Kí ìlà kan tó lè tẹ̀ lé ènìyàn kan, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni kan náà ni. Níbí, Èjìgbò ní ìṣòro tirẹ̀ tí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe ní Àbújá lè má ronú kàn. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń lọ ṣòwò ní Côte d’Ivoire, débi pé ìdílé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn kò wọ́pọ̀, àwọn tó sì ń padà wálé ń mú ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n fi Faransé kọ bọ̀. Ẹni tó jẹ́ Raji ní káàdì Èjìgbò di Radji ní ti Àbíjàn, Wahab di Ouahab, kọ̀ǹpútà á sì kà wọ́n sí ẹni méjì. Ọjọ́ orí pàápàá kò ṣeé gbára lé: nínú rẹ́jísítà, àwọn ẹni 40, 50 àti 60 máa ń pọ̀ ju ẹni 43 tàbí 57 lọ, nítorí ẹni tí kò mọ ọdún tí a bí i ni nọ́ọ̀sì ń fojú bù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wà lára ohun tí òṣùwọ̀n APACHE ń fún ní máàkì. Àtúnṣe kan tó rọrùn ni kí fọ́ọ̀mù ní àyè fún orúkọ ìyá aláìsàn àti agbo ilé rẹ̀, tí kì í yí padà bí ènìyàn bá sọdá ẹnubodè.

Ìparí oṣù kẹta 2020 fi hàn bí ọ̀nà yìí ṣe kan ìlera gbogbo ìpínlẹ̀, nígbà tí àwọn 127 tó dé láti Côte d’Ivoire wà lábẹ́ ìyàsọ́tọ̀ ní Èjìgbò, tí àyẹ̀wò sì fi àrùn Kòrónà hàn lára àwọn kan nínú wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi àròpọ̀ ìparí oṣù ṣe, nítorí ẹni tí àrùn bá hàn lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ọjọ́ tó dé, àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì tó wà, kí a tó lè mọ ẹni tó yẹ ká ṣọ́ èémí rẹ̀ lóru.

Ohun tó kẹ́yìn tí àwọn àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àkànṣe kan ń béèrè ni bí aláìsàn ṣe wà lẹ́yìn ọjọ́ 30, nítorí pé ẹni tó jáde láàyè ní ICU lè kú sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó sì yẹ kí wọ́n gba nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ ẹbí kí aláìsàn tó lọ, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń gbé Èjìgbò gan-an. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2021, Côte d’Ivoire yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà láti ẹyọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí wọ́n fi 01, 05 tàbí 07 kún iwájú nọ́ńbà alágbèéká gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Nọ́ńbà Àbíjàn èyíkéyìí tí wọ́n kọ sínú fáìlì kí ọjọ́ yẹn tó pé kò ní wọlé mọ́ bí ẹni tó ń pè kò bá mọ èyí tó yẹ kí òun fi síwájú rẹ̀, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ “a kò rí i mọ́” sí iwájú orúkọ rẹ̀.